Ẹ Má Pa Ọmọ Lẹ́nu Mọ́: Bí A Ṣe Lè Kọ́ Gẹ̀ẹ́sì ní Kíláàsì JSS

Láìpẹ́, wọn yóò pín wa fún ìdánrawò iṣẹ́ olùkọ́ káàkiri àwọn ilé-ìwé tó wà ní Àbújá yìí. Àwọn kan yóò bọ́ sí Kubwa, àwọn kan sí Nyanya, àwọn mìíràn sí Gwagwalada tàbí Kuje. Ọ̀pọ̀ nínú wa tó ń kọ́ èdè Yorùbá ló yan Gẹ̀ẹ́sì mọ́ ọn. Bí a bá sì dé ilé-ìwé tán, Gẹ̀ẹ́sì ni ọ̀gá sábà máa ń gbé lé wa lọ́wọ́, nítorí pé kíláàsì Yorùbá kò pọ̀ níhìn-ín bí ó ti pọ̀ ní Ìbàdàn tàbí Òṣogbo. Ìdí nìyí tí a fi ní kí a kọ ohun díẹ̀ sílẹ̀ lórí bí a ṣe lè kọ́ ọmọ JSS ní Gẹ̀ẹ́sì kí ó sì yé e.

Ẹ jẹ́ kí a fi ohun tí ojú wa rí bẹ̀rẹ̀. Ní ilé-ìwé kan tí a ti ṣe ìdánrawò tiwa, ọmọ 62 ló wà nínú kíláàsì JSS 1 tí wọ́n fún wa. Òfin kan wà lára ògiri pé ẹni tó bá sọ èdè ìyá rẹ̀ yóò san owó ìtanràn. Ọmọkùnrin kan wà ní ìlà kẹta tí a kò gbọ́ ohùn rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko. Bí a bá bi í ní ìbéèrè, á dìde, á wolẹ̀, á sì tún jókòó. A rò pé olóríkunkun ni. Ó wá di ọjọ́ kan, nígbà ìsinmi ọ̀sán, a gbọ́ tí ẹnì kan ń pa àlọ́ lẹ́yìn kíláàsì, tí àwọn ọmọ yí i ká, tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín kèékèé. Òun náà ni! Èdè àwọn ará Kàbbà ló ń sọ, ọ̀rọ̀ náà sì ń dá ṣáká lẹ́nu rẹ̀. Bí ó ti rí wa ni ó dákẹ́, ó ki ọwọ́ bọ àpò, ó sì na àádọ́ta náírà sí wa.

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ wá lákínyẹmí ara. Àwa náà ti gba irú owó bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ ọmọ mélòó kan ṣáájú ọjọ́ náà. Láti ìgbà náà ni a ti mọ̀ pé ọmọ tí kò bá lanu kò lè kọ́ èdè. Ohun tí yóò sì mú kí ó lanu ni kí olùkọ́ mọ èdè tó gbé ti ilé bọ̀, kí ó sì sọ ọ́ di àtẹ̀gùn fún un. Gbogbo ohun tí a óò sọ nísàlẹ̀ yìí, orí ọ̀rọ̀ yìí ni ó dúró lé.

ṢÉ ÈDÈ ÌYÁ Ń BA GẸ̀Ẹ́SÌ JẸ́ NI?

Àwọn kan yóò wí pé ẹni tó bá gba èdè ìyá láàyè lẹ́bàá Gẹ̀ẹ́sì ń fi ọmọ ṣòfò ni. Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀. Ní ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìwádìí kan ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Àjọ Ford Foundation ti Amẹ́ríkà ló ṣe ìrànwọ́ owó. Wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ kan ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, wọ́n sì ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì bí iṣẹ́ kan láàyè ara rẹ̀, láti ọwọ́ olùkọ́ tó mọ̀ ọ́n kọ́. Àwọn ọmọ kejì lo Yorùbá fún ọdún 3, wọ́n sì bọ́ sínú Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí ìṣe àtẹ̀yìnwá. Nígbà tí wọ́n dán wọn wò, àwọn tó lo Yorùbá délẹ̀ kò gbẹ́yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì rárá, wọ́n sì ta àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn yọ nínú iṣẹ́ mìíràn. Kì í ṣe èdè ìyá nìkan ló ṣe iṣẹ́ yìí o. Olùkọ́ tó dáńtọ́ àti ìwé tó péye wà ńbẹ̀ pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n ó hàn gbangba pé Yorùbá kò dí Gẹ̀ẹ́sì lọ́nà.

A mọ̀ pé ìlànà ìjọba ti yí padà láìpẹ́ yìí. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ìlànà tó ní kí a máa fi èdè ìyá kọ́ ọmọ fún ọdún 6 àkọ́kọ́. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, Mínísítà ètò ẹ̀kọ́, Túnjí Àlàúsá, kéde níhìn-ín ní Àbújá pé wọ́n ti fagi lé e, pé Gẹ̀ẹ́sì ni kí a fi máa kọ́ni láti ìbẹ̀rẹ̀ títí dé yunifásítì. Ní ti JSS, Gẹ̀ẹ́sì ni a ti ń fi kọ́ni tẹ́lẹ̀, kò sì sí ẹni tó ní kí ẹ fi Yorùbá kọ́ kíláàsì Gẹ̀ẹ́sì. Òfin lè yan èdè tí olùkọ́ yóò fi sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n kò lè yan èdè tí ọmọ yóò fi ronú. Èyí tí ọmọ fi ń ronú yìí ni ó yẹ kí a mọ̀.

Ọ̀rọ̀ náà kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Òfin ẹ̀kọ́ kárí ayé ti ọdún 2004 sọ ẹ̀kọ́ ọdún 9 di ọ̀fẹ́ àti ọ̀ranyàn: ọdún 6 ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ọdún 3 ní JSS. Ní ìparí JSS 3 ni ìdánwò wà. Ẹni tí Gẹ̀ẹ́sì kò bá yé nígbà náà, kì í ṣe Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni yóò fìdí rẹmi nínú rẹ̀, nítorí pé Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ìbéèrè ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì.

Ọ̀SẸ̀ KÌN-ÍN-NÍ: Ẹ FETÍ SÍLẸ̀

Ohun àkọ́kọ́ tí ẹ óò ṣe ni kí ẹ mọ irú ọmọ tó wà níwájú yín. Àbújá kì í ṣe Abẹ́òkúta. Nínú kíláàsì kan ṣoṣo, ẹ lè bá ọmọ Gbagyi tó jẹ́ onílẹ̀, ọmọ Haúsá, ọmọ Ígbò, ọmọ Tiv àti ọmọ Yorùbá, àti àwọn mìíràn tó jẹ́ pé Gẹ̀ẹ́sì àdàmọ̀dì ni wọ́n ń sọ nílé. Ẹ bi ọmọ kọ̀ọ̀kan ní èdè tó ń bá ìyá rẹ̀ sọ, kí ẹ kọ ọ́ sí ẹ̀yìn ìwé ètò ẹ̀kọ́ yín. Lẹ́yìn náà, ẹ pín ojú ewé kan sí mẹ́ta: ìró, gírámà, ìtumọ̀. Àṣìṣe tí ẹ bá gbọ́, ẹ kọ ọ́ sí ààyè rẹ̀. Ẹ má tíì tún un ṣe. Bí ó bá fi máa di ọjọ́ Ẹtì, ẹ óò rí i pé àṣìṣe tí ẹ rò pé ó pọ̀ bí iyanrìn kò ju bíi mẹ́jọ tàbí mẹ́wàá lọ, tí wọ́n kàn ń tún ara wọn ṣe. Ìyẹn gan-an ni iṣẹ́ yín fún sáà náà.

ÌRÓ

Sílébù Yorùbá kì í parí sí kọ́ńsónáǹtì, bẹ́ẹ̀ ni kọ́ńsónáǹtì méjì kì í so kọ́ra nínú rẹ̀. Nítorí èyí ni 'bread' fi di búrẹ́dì lẹ́nu wa, tí 'milk' di mílíìkì, tí 'school' sì di súkúù. A kò ní ìró 'v', ni 'video' fi di fídíò. A kò ní ìró 'ch', ni 'church' fi di ṣọ́ọ̀ṣì. Lẹ́tà 'p' tiwa, bí ó ti wà nínú pápá, kì í ṣe ìró kan náà pẹ̀lú 'p' tó bẹ̀rẹ̀ 'paper'.

Ẹ kọ irú ọ̀rọ̀ àyálò báyìí mẹ́wàá sí ojú pátákó. Ẹ ní kí wọ́n pè é bí a ti ń pè é nílé, kí wọ́n wá pè é bí ti Gẹ̀ẹ́sì, kí wọ́n sì wá ohun tí a fi kún un. Wọn yóò rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ni wọn yóò máa fi rẹ́rìn-ín, kì í ṣe ọmọ ẹnì kan. Lẹ́yìn náà, ẹ mú ọ̀rọ̀ méjì-méjì: 'fan' àti 'van', 'ship' àti 'chip', 'tin' àti 'thin'. Ẹ fi ìwé bo ẹnu yín, kí ẹ pe ọ̀kan. Bí wọ́n bá gbọ́ ti àkọ́kọ́, kí wọ́n na ìka kan. Bí ó bá jẹ́ ti èkejì, kí wọ́n na ìka méjì. Ẹ má lò ju ìṣẹ́jú 5 lọ, ṣùgbọ́n ẹ máa ṣe é lójoojúmọ́. Ẹ má gbàgbé àwọn ọmọ Haúsá: èdè tiwọn kò ní 'p', nítorí náà 'pan' àti 'fan' ni ẹ óò fi kọ́ wọn. Kí àwa fúnra wa sì kọ́kọ́ gbìyànjú rẹ̀ níwájú dígí nílé, nítorí pé ẹnu wa náà kò tíì mọ́ tán.

Ẹ má ṣe fojú kékeré wo ìró tó gbẹ̀yìn ọ̀rọ̀. Níbẹ̀ ni Gẹ̀ẹ́sì ń kó gírámà sí. 's' ìparí ni ó sọ 'book' di 'books'. Ìró ìparí náà ni ó sọ 'walk' di 'walked'. Ọmọ tó bá gbé ìró ìparí mì, ó ti gbé gírámà mì mọ́ ọn.

GÍRÁMÀ

Nínú Yorùbá, ọ̀rọ̀-ìṣe kì í yí padà. 'Mo ra iṣu lánàá', 'Mo ti ra iṣu', 'Màá ra iṣu': 'rà' kò kúrò ní 'rà'. Ọ̀rọ̀-orúkọ náà kì í yí padà: ìwé kan, ìwé méjì. Ọ̀rọ̀ 'ó' kan ṣoṣo ni a ń lò fún ọkùnrin, obìnrin, ewúrẹ́ àti àga. Nítorí náà, ọmọ tó bá kọ 'My brother, she go to market yesterday' kì í ṣe ọ̀lẹ. Yorùbá ló ń sọ, aṣọ Gẹ̀ẹ́sì ló wọ̀ fún un.

Ẹ tún wo èyí. Bí ìyá bá ń pe ọmọ, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ á ní 'Wọ́n ń pè ọ́'. Ọmọ náà á wá gbé e sínú Gẹ̀ẹ́sì: 'They are calling you'. Olùkọ́ tí kò gbọ́ Yorùbá yóò fa igi pupa lé e, yóò sì kọjá lọ. Àwa tí a gbọ́ ọ ni a lè sọ fún un pé, 'Ọ̀wọ̀ ni o fi sínú ọ̀rọ̀ yìí, o ṣeun. Ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì kò ní "wọ́n" ọ̀wọ̀ fún ẹnì kan ṣoṣo, "she" ni kí o lò fún ìyá rẹ.' Bẹ́ẹ̀ náà ni 'I hear the smell', tó ti inú 'mo gbọ́ òórùn' jáde. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tó ń jáde lọ tó ní 'I am coming', nítorí pé 'mò ń bọ̀' ni à ń wí nílé. Bí ẹ bá sì bi ọmọ pé ṣé kò tíì jẹun ni, tó dáhùn pé 'Yes', ẹ má fi oúnjẹ dù ú o! 'Bẹ́ẹ̀ ni, n kò tíì jẹun' ló ń wí.

Kókó kan ṣoṣo ni kí ẹ mú fún ọ̀sẹ̀ kan. Ẹ kọ gbólóhùn ilé sí òkè, kí ẹ kọ ti Gẹ̀ẹ́sì sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, kí ẹ ní kí àwọn ọmọ fúnra wọn wá ohun tó yàtọ̀. Ẹ má ṣe é ní Yorùbá nìkan, kí ó má di pé à ń ṣe ojúsàájú. Ẹ ní kí ọmọ Haúsá mú tirẹ̀ wá, kí ọmọ Ígbò mú tirẹ̀ wá. Ẹ óò rí ohun ìyanu. Haúsá ya ọkùnrin sọ́tọ̀ kúrò lára obìnrin, nítorí náà 'he' àti 'she' kì í ni ọmọ Haúsá lára bíi ti ọmọ Yorùbá. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́, obìnrin ni ó jẹ́ nínú èdè wọn; òun náà lè pe mọ́tò ní 'she'. Ígbò kò ya akọ sọ́tọ̀ lára abo, gẹ́gẹ́ bíi tiwa. Nígbà tí àwọn ọmọ bá rí i pé kálukú ló ní ibi tí bàtà ti ń ta á lẹ́sẹ̀, ìtìjú yóò dínkù. Lẹ́yìn èyí, kí olúkúlùkù kọ gbólóhùn 5 lórí ohun tó rí lójú ọ̀nà láàárọ̀ ọjọ́ náà. Èyí sàn ju gbólóhùn inú ìwé lọ.

ÌWÉ KÍKÀ

Àṣà kan wà tí gbogbo wa bá nílẹ̀: kí ọmọ kan dìde, kó kà á sókè, kó jókòó, kí òmíràn dìde. Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. Bí ọmọ 62 bá ka ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan, ogójì ìṣẹ́jú ti tán kí ó tó kan àwọn tó wà lẹ́yìn. Ẹni tó sì ti kà á tán ti sùn lọ. Ẹ gbìyànjú èyí dípò rẹ̀. Kí wọ́n tó ṣí ìwé, ẹ sọ àkọlé àyọkà fún wọn, kí wọ́n fi ìṣẹ́jú 3 bá ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn sọ ohun tí wọ́n mọ̀ nípa rẹ̀ ní èdè yòówù tó bá yá lẹ́nu wọn. Ẹ ka àyọkà náà fún wọn lẹ́ẹ̀kan, ketekete. Kí wọ́n wá kà á ní méjì-méjì pẹ̀lú ohùn jẹ́ẹ́jẹ́. Ní ìgbẹ̀yìn, kí ẹnì kìn-ín-ní pa ìwé dé, kó sì sọ ìtàn náà fún ẹnì kejì ní Gẹ̀ẹ́sì. Lọ́nà yìí, ọmọ 31 ni yóò máa sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ariwo yóò wà. Ẹ ṣáájú sọ fún olùkọ́ kíláàsì kejì kí ó má bàá rò pé ìjà ni.

Bí ìwé kò bá tó, ẹ má káwọ́ lẹ́rán. Ọ̀rá píọ̀ wọ́tà ní orúkọ, ibi tí wọ́n ti ṣe é àti nọ́ńbà NAFDAC lára. Agolo tòmátò, páálí oògùn, ìwé iná mànàmáná, àkọlé ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ Márúwá, gbogbo wọn ni ìwé kíkà. Ẹ ní kí olúkúlùkù mú ẹyọ kan wá láti ilé. Kí wọ́n wá ọjọ́ tí oògùn yóò bàjẹ́, iye ìgbà tí a ó lò ó, àti ohun tí a kò gbọdọ̀ ṣe sí i. Ọmọ tó bá lè ka ìyẹn fún ìyá rẹ̀ nílé, ó ti mọ̀ pé Gẹ̀ẹ́sì wúlò.

ÀRÒKỌ

Ọmọ tí a bá ní kí ó kọ nípa bí ó ṣe lo ìsinmi rẹ̀ ní London, nígbà tí kò kúrò ní Kubwa rí, kí ni a fẹ́ kí ó kọ? Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ ohun tí wọ́n mọ̀. Àlọ́ ni a fi bẹ̀rẹ̀ ní tiwa. Ọmọ Yorùbá ní Ìjàpá, ọmọ Haúsá ní Gizo aláǹtakùn, ọmọ Ígbò ní Mbe, tó jẹ́ ìjàpá tiwọn, ọmọ Tiv ní Alom ehoro. Ọlọ́gbọ́n ẹ̀wẹ́ ni gbogbo wọn. Ẹ pín kíláàsì sí ẹgbẹ́ mẹ́fà-mẹ́fà, kí èdè wọn má ṣe jọ ara wọn nínú ẹgbẹ́ kan. Nítorí pé wọn kò gbọ́ èdè ara wọn, Gẹ̀ẹ́sì ni yóò di dandan. Ọjọ́ kìn-ín-ní, kí wọ́n sọ ọ́ lẹ́nu. Ọjọ́ kejì, kí wọ́n kọ ọ́ ní ìlà 10. Ọjọ́ kẹta, kí wọ́n ka ti ara wọn, kí wọ́n sì bi ara wọn ní ìbéèrè kan. Ọjọ́ kẹrin, kí wọ́n tún un kọ.

Iṣẹ́ títúnṣe ni ó máa ń dẹ́rù ba olùkọ́ tuntun. Ẹ má kó ìwé 62 lọ ilé lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ gba bíi 13 lójúmọ́. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, ó ti kárí. Ẹ má sì fa igi pupa sí gbogbo ìlà. Kókó tí ẹ kọ́ ní ọ̀sẹ̀ náà nìkan ni kí ẹ tún ṣe. Bí ó bá jẹ́ 'he' àti 'she' ni, ẹ fi 'a' àti 'an' sílẹ̀ di ọ̀sẹ̀ mìíràn. Díẹ̀ díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà. Kí ẹ sì fa ilà sábẹ́ gbólóhùn kan tó dára, kí ẹ kọ ìdí tó fi dára sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

OWÓ ÌTANRÀN Ń KỌ́?

Àlejò ni olùkọ́ ìdánrawò. Ẹ kò lè já òfin lára ògiri. Àwa náà kò já a. Ohun tí a ṣe ni pé a lọ bá olùkọ́ àgbà tó ń bójú tó Gẹ̀ẹ́sì, a kúnlẹ̀, a ní, 'Mà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yọ̀ǹda ìṣẹ́jú 10 fún wa níbẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ tí àwọn ọmọ yóò lè fi gbólóhùn ilé wé ti Gẹ̀ẹ́sì, kí ẹ sì wá wo bí ó ṣe rí.' Ìyá náà wò wá títí, wọ́n ní, 'Ẹ ṣe é, ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì ni mo fẹ́ gbọ́ ní ìparí o.' Ẹ̀tọ́ wọn ni. Ìdájọ́ kíláàsì Gẹ̀ẹ́sì kò ju Gẹ̀ẹ́sì tó jáde níbẹ̀ lọ.

Ọmọ Kàbbà yẹn ńkọ́? Ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, òun ni ẹgbẹ́ rẹ̀ yàn láti pa àlọ́ wọn níwájú kíláàsì. Ó bẹ̀rẹ̀: 'Tortoise and her wife was hungry.' Ẹ̀rín sọ. A retí pé yóò jókòó. Ó wo ojú pátákó, níbi tí 'his' àti 'her' wà, ó ní, 'His wife. His wife was hungry', ó sì ń bá ìtàn rẹ̀ lọ títí ó fi parí. Ó ṣì ku 'were' fún un láti kọ́. Kò gba ipò kìn-ín-ní ní sáà náà, a kò sì ní purọ́ fún yín pé ó gbà á. Ṣùgbọ́n ó ti lanu.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa, àwọn kan máa ń bi wá nínú ọgbà yìí pé kí ni a ń fi ẹ̀kọ́ Yorùbá ṣe ní Àbújá. Ẹ dá wọn lóhùn pé olùkọ́ tó mọ bí a ti ń to Yorùbá ni yóò tètè rí ibi tí Gẹ̀ẹ́sì ọmọ Yorùbá ti yẹ̀. Nígbà tí ẹ bá ti ìdánrawò dé, ẹ mú ojú ewé àṣìṣe yín wá sí ìpàdé ẹgbẹ́, kí a pa wọ́n pọ̀, kí àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn lè rí wọn lò. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde.